Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Lámèyítọ́ Èrò nípa Agbára Òkèèrè nínú Ìyípadà sí Ìjọba Àwarawa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ èrò tí ó gbilẹ̀ pé agbára òkèèrè ni ó mú ìjọba àwarawa wọ ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́yìn tí ará ìlú dìde sí àwọn ìjọba ológun láàárín ọdún 1989 sí 1993. A gbé orílẹ̀-èdè méjì tí wọ́n múlé gbe ara wọn, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, yẹ̀ wò. Àwọn méjèèjì ni ilẹ̀ Faransé ṣàkóso kí wọ́n tó gba òmìnira. Àwọn méjèèjì ni ará ìlú fẹ̀hónú hàn nínú wọn. Àwọn méjèèjì ni ó sì ṣe Àpérò Gbogboogbò Orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ìjọba tuntun jáde ní Bẹ̀nẹ̀, nígbà tí agbára padà sọ́wọ́ ẹni àtijọ́ ní Tógò. Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé agbára òkèèrè wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn ọmọ ogun ń gbọ́ràn sí lẹ́nu nínú ilé, àti àkókò tí òkèèrè dá sí ọ̀rọ̀ náà, ni ó ń pinnu ibi tí agbára bẹ́ẹ̀ yóò já sí.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni ó wà nínú òwe yìí: ògiri, ojú ibi tí ó là, àti aláǹgbá. Bí àwọn onímọ̀ bá ń ṣàlàyé bí ìjọba ológun àti ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ṣe wó lulẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, aláǹgbá nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń tọ́ka sí. Wọn á ní Ògiri Berlin wó ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, ìjọba Soviet kò lè ran àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́, àwọn tí ń yáni lówó sì ní kí àwọn ìjọba Áfíríkà yí padà. Wọ́n sì yí padà.

Àlàyé yìí ti wọ inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò gbé dàgbà ni pé ẹ̀bùn láti òkè òkun ni òmìnira, àti pé iṣẹ́ ará ìlú kò ju kí wọ́n dúró de ẹni tí yóò fún wọn lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi tó gbé yẹ̀ wò fún olùkọ́ àti ẹni tí yóò di olùkọ́.

Orúkọ tí àwa Yorùbá fún irú ìjọba yìí gan-an ta ko àlàyé bẹ́ẹ̀. Ìjọba àwarawa, tàbí ìjọba tiwa-n-tiwa, ni à ń pè é. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ méjèèjì fi ṣe oní-nǹkan. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á bèèrè ni pé: nígbà tí ará ìlú bá dìde, tí alágbára òkèèrè sì dá sí i, ta ni ó ni ìjọba tí ó bá ti ibẹ̀ jáde?

A mú Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò nítorí pé àfiwé wọn tọ́. Wọ́n pààlà, wọ́n ń ná owó CFA kan náà, ọdún kan ààbọ̀ péré ni ó sì wà láàárín àpérò ti ọ̀kan àti ti èkejì. Wọn kò sì jìnnà sí wa. Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ wà ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn Ifẹ̀ tí ń gbé agbègbè Atakpamé wà ní Tógò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ń sọ èdè wa.

Èrò Àwọn Onímọ̀ àti Ibi tí Ó Kù Sí

Samuel Huntington, nínú ìwé rẹ̀ The Third Wave tí ó jáde ní ọdún 1991, ka ìdí márùn-ún tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi gba ìjọba àwarawa láti ọdún 1974 wá. Lára wọn ni ìyípadà nínú ìlànà àwọn alágbára òkèèrè, ìyípadà nínú ìjọ Kátólíìkì, àti bí àpẹẹrẹ orílẹ̀-èdè kan ṣe ń ran èkejì. A kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, a ó rí i pé àwọn ìdí mẹ́ta yìí wà níbi méjèèjì. Òkèèrè kan náà ni ó ń wo àwọn méjèèjì. Bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ni ó darí àpérò ti Kútọnu, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì náà ni ó darí ti Lomé. Àpẹẹrẹ Bẹ̀nẹ̀ sì wà lójú àwọn ará Tógò kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó bá wà níbi méjèèjì kò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn.

Àléébù kejì jẹ mọ́ ọjọ́. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ni ó gbé ìyípadà àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé karí ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ François Mitterrand sọ ní ìlú La Baule ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1990, níbi tí ó ti jẹ́ kí àwọn olórí Áfíríkà mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé yóò máa wo bí wọ́n ṣe ń fún ará ìlú ní òmìnira. Ṣùgbọ́n oṣù kejì ọdún náà ni àpérò Kútọnu ti parí. Ọmọ tí a bí ní oṣù kejì, a kò lè sọ pé ẹni tí ó wọ̀lú ní oṣù kẹfà ni bàbá rẹ̀.

Àwọn mìíràn ti gbìyànjú láti tún èrò yìí ṣe. John Heilbrunn (1993), tí òun náà fi Bẹ̀nẹ̀ wé Tógò, tẹnu mọ́ ipa àwọn ẹgbẹ́ inú ìlú. Levitsky àti Way (2010) ní kí á wo bí okùn tí ó so orílẹ̀-èdè kan mọ́ àwọn alágbára Ìwọ̀-oòrùn ṣe yi tó, bí ọwọ́ wọn ṣe lè tẹ ìjọba rẹ̀ tó, àti bí ìjọba náà fúnra rẹ̀ ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. A fara mọ́ wọn. Ohun tí a fẹ́ fi kún un ni ọ̀rọ̀ àkókò, àti pé òkèèrè kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ lè máa lọ sí apá ọ̀tún, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa lọ sí apá òsì, kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì jókòó sí àárín.

Bẹ̀nẹ̀: Owó Oṣù àti Àpérò Kútọnu

Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972 ni Mathieu Kérékou fi ipá gbàjọba ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Dàhòmì nígbà náà. Ní ọdún 1974 ó kéde ìlànà Marx àti Lenin. Ní ọdún 1975 ó yí orúkọ ìlú padà sí Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1989, àpò ìjọba ti gbẹ. Àwọn báǹkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dojú dé, owó tí ará ìlú fi pamọ́ sínú wọn sì há síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń lo oṣù púpọ̀ láì gba owó.

Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bọ́ síta. Ní ọdún 1989 ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga yapa kúrò lára àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ìjọba, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Ìyanṣẹ́lódì ń gbèèràn láti ẹ̀ka iṣẹ́ kan dé òmíràn títí iṣẹ́ ìjọba fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá.

Níbí yìí ni ó ti yẹ kí á fara balẹ̀ wo ohun tí òkèèrè kọ́kọ́ ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 1989, ìjọba Kérékou bá Báǹkì Àgbáyé àti Àjọ Ayánilówó Àgbáyé ṣe àdéhùn láti dín ìnáwó ìjọba kù. Àdéhùn náà kò sọ nǹkan kan nípa ìdìbò. Ìṣúná ni ó dá lé. Òṣìṣẹ́ tí kò rí owó oṣù gbà tún wá gbọ́ pé wọn yóò dín òṣìṣẹ́ kù. Èyí túmọ̀ sí pé ipa àkọ́kọ́ tí agbára òkèèrè kó ni pé ó fi epo sí iná ìbínú ará ìlú. Ìgbà tí ìjọba kò rí ọ̀nà mìíràn mọ́ ni ilẹ̀ Faransé àti àwọn olówó yòókù wá jẹ́ kí ó yé e pé owó tuntun kò ní wá láìsí ìyípadà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1989 Kérékou kọ ìlànà Marx sílẹ̀, ó sì pe àpérò.

Ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì ọdún 1990 ni àpérò náà wáyé ní Kútọnu, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza sì ni alága. Nǹkan bí 500 aṣojú ni ó péjọ. Ìpinnu tí ó yí gbogbo nǹkan padà ni pé àpérò kéde ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Inú gbọ̀ngàn àpérò, láti ẹnu àwọn aṣojú, ni ìpinnu yẹn ti jáde. Wọ́n yan Nicéphore Soglo, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Báǹkì Àgbáyé rí, gẹ́gẹ́ bí Olóòtú Ìjọba. Wọ́n fi Kérékou sílẹ̀ ní ipò Ààrẹ títí di ọjọ́ ìdìbò.

Kérékou gbà. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò ṣọ̀kan. Ìdìtẹ̀ ti wáyé láàárín wọn ní ọdún 1988. Àpérò kò sì há a mọ́ ògiri. Ará ìlú dìbò gba ìwé òfin tuntun ní oṣù kejìlá ọdún 1990, Soglo sì fi nǹkan bí ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò borí Kérékou ní oṣù kẹta ọdún 1991. Ìrànwọ́ owó láti ilẹ̀ Faransé àti àwọn mìíràn jẹ́ kí ìjọba fìdí-hẹ lè padà máa san owó oṣù ní àárín ọdún kan náà. Owó òkèèrè bá ìpinnu ilé lójú ọ̀nà, wọ́n sì jọ rìn.

Tógò: Ọwọ́ tí Kò Tẹ Èkù Idà

Gnassingbé Eyadéma ti wà lórí oyè láti ọdún 1967. Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1990 ni ìrúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀ ní Lomé, nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí a fẹ̀sùn kàn pé wọ́n pín ìwé ìtako ìjọba kiri. Ní oṣù kẹrin ọdún 1991 ni a rí òkú ènìyàn nínú ọ̀sà Bè ní Lomé. Ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò tẹ̀ lé e ní oṣù kẹfà, Eyadéma sì gbà kí àpérò wáyé. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù keje, ó parí ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Philippe Kpodzro, bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé, ni alága rẹ̀.

Àwọn aṣojú ní Lomé ṣe ju ti Kútọnu lọ. Àwọn náà kéde pé àpérò ni aláṣẹ. Ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n fi gbọ́ ẹ̀rí nípa àwọn tí a pa àti àwọn tí a dá lóró. Wọ́n gba agbára lọ́wọ́ Eyadéma, wọ́n fi orúkọ Ààrẹ nìkan sílẹ̀ fún un, wọ́n sì yan Joseph Kokou Koffigoh, amòfin, gẹ́gẹ́ bí Olóòtú Ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ìgbìmọ̀ tí àpérò fi lélẹ̀ fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú Eyadéma.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa bàbá ẹni. Apá àríwá, pàápàá láàárín àwọn Kabiyè tí í ṣe ẹ̀yà Eyadéma, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Tógò ti wá, àwọn ẹbí rẹ̀ sì wà lára àwọn ọ̀gá wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni wọ́n kọlu ọ́fíìsì Koffigoh, wọ́n sì mú un. Koffigoh ti bẹ ilẹ̀ Faransé pé kí ó gba ìjọba òun. Nǹkan bí 300 ọmọ ogun Faransé ni a kó wá sí Kútọnu, ìrìn wákàtí mélòó kan sí Lomé. Wọn kò sọdá ààlà.

Kí á tó sọ pé ilẹ̀ Faransé kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé orílẹ̀-èdè mìíràn, kí á rántí ọdún 1986. Nígbà tí àwọn agbébọn kọlu Lomé ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà láti lé Eyadéma kúrò, àwọn ọmọ ogun Faransé dé láì pẹ́ láti tì í lẹ́yìn. Ẹni tí ó sá wá gba ọba lọ́wọ́ ọ̀tá, tí kò wá gba àpérò lọ́wọ́ ọmọ ogun ọba, ti yan ẹni tí ó fẹ́. Àìṣe nǹkan kan pẹ̀lú jẹ́ iṣẹ́.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e fi èyí hàn síwájú sí i. Ìyanṣẹ́lódì aláìlópin bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1992. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1993, nígbà tí mínísítà láti ilẹ̀ Faransé àti láti Jámánì wà ní Lomé láti bá wọn ṣe ìlàjà, àwọn agbófinró yìnbọn pa àwọn tí ń fẹ̀hónú hàn. Àwọn ará Tógò tí ó lé ní 200,000 sá lọ sí Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà. Ọdún 1993 yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ìrànlọ́wọ́ wọn dúró, nígbà tí agbára ti padà sọ́wọ́ Eyadéma. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà wọ́n dìbò láìsí àwọn alátakò pàtàkì, Eyadéma sì gba ìbò tí ó lé ní ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún.

Owó, Ọ̀rọ̀ àti Ọmọ Ogun

Bí a bá fi àwọn méjèèjì wé ara wọn, ọ̀nà mẹ́ta ni a rí tí òkèèrè gbà dá sí ọ̀rọ̀ wọn: owó, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọmọ ogun. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó gbajúmọ̀ jù nínú ìwé, òun ni ó sì wúlò kéré jù. Ọ̀rọ̀ La Baule kò bí àpérò Kútọnu, kò sì dáàbò bo ti Lomé.

Owó lágbára bí ó bá dé ní àsìkò, tí ó sì kan ẹni tí ó yẹ kí ó kàn. Ní Bẹ̀nẹ̀ ó dé nígbà tí ìjọba ti dá kú nítorí ìyanṣẹ́lódì. Ní Tógò ó dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti bọ́. Ọ̀rọ̀ tiwa ní Nàìjíríà jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, ará ìlú bọ́ síta, àwọn òṣìṣẹ́ epo sì yanṣẹ́ lódì ní ọdún 1994. Àjọ Commonwealth dá Nàìjíríà dúró ní oṣù kọkànlá ọdún 1995 lẹ́yìn tí a yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́kun àtimáa ra epo rọ̀bì wa. Ìyà tí kò kan àpò kì í dun olówó.

Ẹnìkan lè sọ pé ìtàn Tógò fi hàn pé òkèèrè ni ó ń pinnu, nítorí pé bí ilẹ̀ Faransé bá sọdá ààlà ní oṣù kejìlá ọdún 1991, ìtàn ì bá yàtọ̀. Èyí lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí á rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ìjọba tí àgọ́ ọmọ ogun ilẹ̀ mìíràn nìkan lè gbà kò tíì di ìjọba àwarawa. A kò sọ pé kí àwọn ará Tógò má bèèrè ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí ọ̀nà tí àpérò fi lè mú àṣẹ rẹ̀ ṣẹ lórí àwọn tí ó gbé ìbọn, ẹni òkèèrè tí ó lè bá wọn ṣe é sì ní ìfẹ́ inú tirẹ̀.

Lẹ́yìn Ìdìbò

Bí ìjọba àwarawa bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, òkèèrè kì í kúrò níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, owó CFA pàdánù ìdajì iye rẹ̀ sí owó Faransé, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Faransé àti Àjọ Ayánilówó Àgbáyé ti tẹnu mọ́ ọn. Ọjà gbówó lérí ní Bẹ̀nẹ̀ lábẹ́ Soglo, ẹni tí ará ìlú fi ìbò yàn. Ìnira yìí wà lára ohun tí ó mú un pàdánù ìdìbò ọdún 1996, Kérékou sì fi ìbò padà wọlé. Ọwọ́ tí ó ran ìyípadà lọ́wọ́ ní ọdún 1990 ni ó tún ni ìjọba tí ó ti inú rẹ̀ jáde lára ní ọdún 1994.

Ìyìn òkèèrè pẹ̀lú kò tó láti fi ṣọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pe Bẹ̀nẹ̀ ní àwòkọ́ṣe. Síbẹ̀, ní ìdìbò ilé aṣòfin oṣù kẹrin ọdún 2019, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré ni a gbà láyè láti kópa, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ti ẹ̀yìn Ààrẹ. Ẹ̀mí ṣòfò nínú ìfẹ̀hónúhàn tí ó tẹ̀ lé e. Ní Tógò, nígbà tí Eyadéma kú ní oṣù kejì ọdún 2005, àwọn ọmọ ogun gbé ọmọ rẹ̀, Faure, gorí oyè. ECOWAS àti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi agídí mú un kí ó sọ̀kalẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kẹrin ni ó tún padà nípa ìdìbò tí ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé ènìyàn 400 sí 500 kú nínú rògbòdìyàn tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 2024, ìwé òfin tuntun gba ẹ̀tọ́ dídìbò yan Ààrẹ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú Tógò.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé èrò tí ó gbé ìyípadà sí ìjọba àwarawa karí agbára òkèèrè nìkan kò dúró bí a bá wo ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, tí a sì fi orílẹ̀-èdè kan wé èkejì. Aláǹgbá kan náà ni ó wá sí Kútọnu àti sí Lomé. Ìyànṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ni ó la ògiri ní Bẹ̀nẹ̀, àìṣọ̀kan àwọn ọmọ ogun sì jẹ́ kí ojú ibẹ̀ wà ní lílà. Ní Tógò, ará ìlú la ògiri kan náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọmọ ogun dí i padà, òkèèrè sì dúró wò wọ́n.

A dábàá pé kí olùkọ́ tí yóò kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí máa fi ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kọ ojú pátákó ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀, kí àwọn ọmọ fúnra wọn rí ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀ lé e. Kí ó bi wọ́n pé ta ni kò gba owó oṣù, ta ni ó kọ́kọ́ bọ́ síta, ta ni ó ni ìbọn, ta ni ó dákẹ́. Bí ọmọ bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí, kò ní ṣi ẹni tí ó ni ìjọba àwarawa mọ̀. Yóò mọ̀ pé àwọn olùkọ́ bíi tirẹ̀, ní ìlú tí kò jìnnà sí ààlà wa, wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.